Sàláàdì Akàn Tí Kò Ní Akàn Nínú

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìyá kan nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa lọ sí Amẹ́ríkà. Ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin wẹ ìkókó. Oṣù mẹ́ta ló lò ní ìpínlẹ̀ Maryland. Nígbà tó padà wá sí kíláàsì, a rò pé yóò mú súìtì wá fún wa. Kò mú súìtì wá o. Ọ̀rá kan tí wọ́n ti jẹ ohun inú rẹ̀ tán ló fà yọ nínú báàgì rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára nǹkan yìí. Díẹ̀ ló kù kó pa mí."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìyá yìí kì í jẹ akàn. Láti kékeré ni ara rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Bó bá jẹ ẹ́, ètè rẹ̀ á wú, ara á sì máa yún un. Ọmọ rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ náà gbé abọ́ sàláàdì kan kalẹ̀. Funfun ni, àwọ̀ pupa díẹ̀díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó ní irú èyí ni òun máa ń rà jẹ nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ọkàn òun ti ń fà sí i tipẹ́, òun wá fi ọwọ́ ara òun ṣe é nílé.

Ìyá wo inú abọ́. Ó bèèrè pé, "Ṣé kì í ṣe akàn nìyí?"

Ọmọ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o, Màmá. Wọ́n kàn ń pè é ní akàn ni. Ẹja ni. Ẹ máa jẹ ẹ́."

Ìyá jẹ ẹ́. Kò tó ìdajì wákàtí tí ètè rẹ̀ fi wú. Ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí fún un, ó sì ń mí gulegule. Ọmọ rẹ̀ tẹ 911 lórí fóònù, ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé, wọ́n sì gbé ìyá lọ. Ilé ìwòsàn ni wọ́n sùn mọ́jú ọjọ́ kejì.

Ọmọ kò purọ́. Ẹja ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tẹ́ ọ̀rá náà sórí tábìlì, tí gbogbo kíláàsì ń ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a rí ọ̀rọ̀ kan ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n kọ tín-ín-tín. Ó ní wọ́n fi omi akàn díẹ̀ sí i, kó lè ta sánsán bí akàn.

Ìdí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí nìyẹn. Sàláàdì náà dùn, ó dára, kò sì ṣòro láti ṣe. A ó kọ́ yín bí a ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ fi ohun tí a gbọ́dọ̀ kà hàn yín, kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ.

Níbo ni sàláàdì yìí ti wá?

Ní Amẹ́ríkà, irú ilé ìtajà kan wà tí wọ́n ń pè ní deli. Ìkékúrú ọ̀rọ̀ gígùn kan ni, delicatessen, tí àwọn ará Jámánì tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà mú dání lọ. Oúnjẹ tí a ti ṣe tán ni wọ́n ń tà níbẹ̀: ẹran tí a fi iyọ̀ pa mọ́, wàràkàṣì, búrẹ́dì, àti oríṣiríṣi sàláàdì.

Nígbà tó yá, àwọn ilé ìtajà ńlá náà ya igun kan sọ́tọ̀ fún irú ọjà yìí. Gíláàsì wà níwájú, òtútù wà nínú, àwọn abọ́ ńlá sì tò lọ bẹẹrẹ. Oníbàárà á fi ìka tọ́ka sí èyí tó wù ú. Á ní, "Ẹ fún mi ní ìdajì pọ́n-ùn." Olùtajà á bù ú sínú ike, á gbé e lé òṣùwọ̀n, á sì lẹ iye owó mọ́ ọn.

Ohun tí wọ́n fi ń po ọ̀pọ̀ sàláàdì ibẹ̀ ni mayonnaise. Òróró, ẹyin, àti ọtí kíkan ni wọ́n lù pọ̀ títí tó fi ki, tó sì funfun. Ọkùnrin ará Jámánì kan, Richard Hellmann, ṣí deli kan ní ìlú New York ní ọdún 1905. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fẹ́ràn mayonnaise rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi di pé, nígbà tó di ọdún 1912, ó ti ń tà á nínú ìgò. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ìgò mayonnaise.

Sàláàdì tí à ń sọ yìí kò tó bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní àwọn ọdún 1980 ló gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà, nígbà tí "akàn" inú rẹ̀ di ọjà tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Àwọn tó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, àti àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé níbẹ̀, fi sáàárín búrẹ́dì jẹ, wọ́n sì fi bísíkíìtì oníyọ̀ bù ú jẹ. Adùn oúnjẹ ìgbà èwe kì í tètè kúrò lẹ́nu. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wá a kiri títí di ìsinsìnyí.

Kí ni "akàn" inú rẹ̀?

Orúkọ rẹ̀ ni surimi. Ọ̀rọ̀ àwọn ará Japan ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ẹja lílọ̀.

Ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ará Japan ti ń lọ ẹja, tí wọ́n sì ń sè é títí yóò fi dì. Ẹ rántí bí ẹ̀wà lílọ̀ ṣe ń ṣàn bí omi, tó sì ń dì bí a bá sè é di mọ́ínmọ́ín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹja lílọ̀ kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí wọ́n bá sì gbé e sínú yìnyín, kì í lè dì dáadáa mọ́ nígbà tó bá yọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1960, àwọn onímọ̀ ní erékùṣù Hokkaido ní Japan rí i pé bí wọ́n bá fi ṣúgà po ẹja náà kí wọ́n tó gbé e sínú yìnyín, agbára rẹ̀ kò ní lọ. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣeé ṣe láti tọ́jú rẹ̀ pẹ́, kí a sì fi ọkọ̀ kó o lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ní àárín àwọn ọdún 1970, àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí fi surimi ṣe ohun tó jọ ẹsẹ̀ akàn.

Ẹja tí wọ́n ń lò jù ni pollock ti Alaska. Ẹja ẹlẹ́ran funfun ni, inú òkun tútù tó wà láàárín Alaska àti Rọ́ṣíà ni wọ́n ti ń pa á. Ìbátan ni òun àti pánlá tí à ń fi se ọbẹ̀.

Ẹ wo bí wọ́n ti ń ṣe é:

Wọ́n á yọ orí, egungun, àti awọ ẹja kúrò. Wọ́n á lọ ẹran rẹ̀. Wọ́n á fi omi tútù fọ̀ ọ́ léraléra, títí ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá, àti òórùn rẹ̀ yóò fi lọ. Wọ́n á fún omi rẹ̀ kúrò. Ohun tó kù á funfun, kò sì ní ní adùn kan tí ẹnu lè tọ́ka sí. Wọ́n á wá fi ṣúgà, iyọ̀, èròjà bíi sítáàsì, àti funfun ẹyin sí i. Sítáàsì yìí lè jẹ́ ti àlìkámà, ó lè jẹ́ ti ànàmọ́ òyìnbó, ó sì lè jẹ́ ti ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fi ohun tó ń ta sánsán bí akàn sí i. Wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi ooru sè é, wọ́n á là á sí tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á ká a jọ, wọ́n á sì fi àwọ̀ pupa kun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe jìbìtì. Oúnjẹ gidi ni, ó sì ń fún ara lókun. Akàn gidi wọ́n gan-an, èyí kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ibi tí ewu wà ni kí a máa fi orúkọ nìkan mọ oúnjẹ, kí a má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ ka ara ọ̀rá kí ẹ tó rà á

Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2006. Ó ní ẹni tó bá di oúnjẹ sínú ọ̀rá, páálí tàbí agolo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta bí ọ̀kan nínú ohun mẹ́jọ bá wà nínú rẹ̀. Àwọn ohun mẹ́jọ náà nìyí: wàrà, ẹyin, ẹja, akàn àti edé pẹ̀lú ẹbí wọn, ẹ̀pà, àwọn èso bíi kajú, àlìkámà, àti sóyà. Láti ọdún 2023, yànmọ̀tí náà ti wọ inú rẹ̀. Ó di mẹ́sàn-án.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀? Nítorí pé àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ̀ jù. Ẹ sì wò ó, nínú surimi nìkan, mẹ́rin nínú wọn lè wà pọ̀: ẹja, ẹyin, àlìkámà, àti akàn.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú lẹ́tà rẹ̀ ni ẹ ti ń fi ka Yorùbá. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí dájú:

IMITATION. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àfarawé. Bí ẹ bá rí i níwájú CRAB, ẹ mọ̀ pé ohun tó jọ akàn ni, kì í ṣe akàn fúnra rẹ̀.

CONTAINS. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ó ní nínú". Ìsàlẹ̀ àkọsílẹ̀ èròjà ni ó sábà máa ń wà. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni kí ẹ kà dáadáa.

CRAB. Akàn nìyẹn. Bí ẹ bá rí i lẹ́yìn CONTAINS, akàn wà níbẹ̀, ì báà ṣe ẹ̀kán omi rẹ̀ kan ṣoṣo.

SHRIMP. Edé nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn, ara rẹ̀ sábà máa ń kọ edé pẹ̀lú.

Ẹ tún fi èyí sọ́kàn. Èyí tí wọ́n bù fún yín láti inú abọ́ ńlá ní deli lè má ní àkọsílẹ̀ èròjà kankan lára. Ẹnu ni kí ẹ fi bèèrè lọ́wọ́ olùtajà. Bí kò bá lè dá yín lóhùn tààrà, ẹ má rà á. Ẹni tó ṣe é nílé ló mọ gbogbo ohun tó fi sí i. Èrè kìíní tó wà nínú ṣíṣe é fúnra ẹni nìyẹn.

Ohun tí a ó rà

Èyí yóò tó ènìyàn mẹ́fà jẹ pẹ̀lú búrẹ́dì:

Surimi, pọ́n-ùn 1, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 450.
Edé kéékèèké tí a ti bó, ìdajì pọ́n-ùn, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 225.
Sẹ́lẹ́rì, igi 2. Ewébẹ̀ onígi gígùn ni, ó máa ń dún lẹ́nu bí a bá ń rún un.
Àlùbọ́sà kékeré, ìdajì.
Mayonnaise, ṣíbí ìjẹun 8.
Omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí ìjẹun 1.
Ṣúgà, ṣíbí tíì 1.
Dill gbígbẹ, ṣíbí tíì 1. Ewé olóòórùn dídùn ni, nínú ìgò kékeré ni wọ́n ń tà á.
Ata gúngún dúdú, ìdajì ṣíbí tíì.

Àwọn ará ìlú Baltimore, ní Maryland kan náà tí ìyá wa lọ, á tún fi ìdajì ṣíbí tíì Old Bay sí i. Èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán ni. Gustav Brunn, ẹni tó sá kúrò ní Jámánì nígbà tí wọ́n ń ṣe inúnibíni sí àwọn Júù, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Baltimore ní ọdún 1939. Ẹni tí kò bá rí i kò pàdánù púpọ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò dárúkọ iyọ̀. Iyọ̀ wà nínú surimi, ó wà nínú mayonnaise, ó sì wà nínú Old Bay. Ẹ tọ́ ọ wò ní ìparí kí ẹ tó ronú kan iyọ̀.

Bí a ó ti ṣe é

1. Bí surimi bá dì bí òkúta, ẹ gbé e láti inú fíríìsà sínú fíríìjì ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Níbẹ̀ ni kó ti yọ́. Ẹ má gbé e sórí tábìlì kó máa yọ́ níbẹ̀.

2. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ fọ ọ̀bẹ, abọ́, àti pátákó tí ẹ ó gé nǹkan lé. Bí ẹ bá ti gbé edé tútù lé pátákó, ẹ tún un fọ̀ kí ẹ tó gbé ohun mìíràn lé e.

3. Ẹ gbé omi kaná. Nígbà tó bá ń hó, ẹ da edé sínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó. Edé á ká, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, inú rẹ̀ kò sì ní hàn gbangba mọ́. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, á le bí rọ́bà. Ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ dà á sínú omi tó ní yìnyín, kí ẹ sì tún un sẹ́ nígbà tó bá tutù.

4. A ti se surimi kí wọ́n tó tà á, nítorí náà a kì í tún un sè. Ẹ fi ọwọ́ ya á sí wẹ́wẹ́, kó gùn tó oríkèé ìka kan. Ẹ má fi ọ̀bẹ gé e, nítorí èyí tí a fi ọwọ́ ya ni mayonnaise ń wọ̀ lára.

5. Ẹ wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe. Ẹ fi aṣọ ìdáná mímọ́ tàbí pépà ìnuwọ́ tẹ surimi àti edé náà, kí omi ara wọn lè gbẹ. Omi yìí ló ń sọ sàláàdì ilé di ṣọ̀kọ̀tọ̀ ní ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá fo èyí, ẹ má dá mayonnaise lẹ́bi.

6. Ẹ gé sẹ́lẹ́rì àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ gan-an. Sẹ́lẹ́rì kò gbọdọ̀ tóbi ju ẹ̀wà lọ. Bí àlùbọ́sà bá mú jù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì sẹ́ ẹ.

7. Ẹ mú abọ́ ńlá. Ẹ da mayonnaise, omi ọsàn, ṣúgà, dill, ata, àti Old Bay sínú rẹ̀. Ẹ rò wọ́n pọ̀ dáadáa kí ẹja tó débẹ̀. Bí ẹ bá da ẹja sí i tán kí ẹ tó bu ata sí i, ibì kan á ta, ibì kan á tẹ́.

8. Ẹ da surimi, edé, sẹ́lẹ́rì, àti àlùbọ́sà sí i. Ẹ rò ó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹ má gún un bí iyán.

9. Ẹ dé e, kí ẹ gbé e sínú fíríìjì. Wákàtí 2 ni ó kéré jù. Bó bá sùn mọ́jú, ó tún dára jù. Àṣírí adùn ti deli nìyẹn. Sàláàdì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ti wà nínú òtútù fún wákàtí púpọ̀ kí ẹ tó rà á. Nínú òtútù yẹn ni ọsàn, ṣúgà, àti ewé dill ti ń wọ inú ẹja. Bí ẹ bá tọ́ ọ wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ ó rò pé nǹkan kan kù. Kò sí ohun tó kù ju sùúrù lọ.

10. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí omi bá ti sun sí ìsàlẹ̀, ẹ dà á nù, kí ẹ fi ṣíbí mayonnaise kan sí i. Ìgbà yìí ni kí ẹ tọ́ iyọ̀ wò.

Ẹ má jẹ́ kí òtútù fi í sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé mayonnaise ló ń ba sàláàdì jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mayonnaise tí a rà nínú ìgò ní ìkan nínú, àwọn kòkòrò àìfojúrí kì í sì fẹ́ràn ìkan. Ẹyin tí wọ́n fi ṣe é ni wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹja àti edé gan-an ni kòkòrò ń jẹ. Mayonnaise tí a fi ẹyin tútù lù nílé ló tún ní ewu tirẹ̀, nítorí náà ìgò ni kí ẹ lò.

Fíríìjì gbọ́dọ̀ tutù dé dígírì 4 tàbí kó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sàláàdì yìí kò gbọdọ̀ wà níta ju wákàtí 2 lọ. Bí oòrùn bá mú tó dígírì 32 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wákàtí 1 péré ni. Ẹ ka aago. Ẹ má fi imú gbọ́ ọ, nítorí oúnjẹ tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lè máa ta sánsán síbẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé e lọ sí òde, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ lé inú abọ́ mìíràn tó ní yìnyín.

Nínú fíríìjì tó tutù dáadáa, ọjọ́ 3 sí 4 ló lè lò. Ẹ má gbé e sínú fíríìsà. Mayonnaise inú rẹ̀ á já, òróró á yàtọ̀, omi á yàtọ̀.

Ẹni tó wà nílé níbi tí a wà yìí, tí iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀, kó ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ó jẹ tán lọ́jọ́ náà. Bí kò bá rí surimi, kó lo edé, kó sì se ẹja ẹlẹ́ran funfun, kó yọ egungun rẹ̀, kó ya á sí wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rí akàn tútù ní etí ọ̀sà lè se é, kó sì yọ ẹran inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ju ti àfarawé lọ. Kùkúńbà tí a ti yọ kóró rẹ̀ lè dípò sẹ́lẹ́rì.

Ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn

Àwọn baba wa ní, "Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run." Ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn tàbí edé kò gbọdọ̀ tọ́ sàláàdì tí a júwe yìí wò rárá. Kó má ṣe ní òun á jẹ díẹ̀. Sísè kì í lé ohun tí ara ń kọ̀ náà lọ, bí ó ti wù kó pẹ́ lórí iná tó. Ṣíbí tí a fi bu ti akàn kò sì gbọdọ̀ wọ inú abọ́ tirẹ̀.

Bí ara rẹ̀ kò bá kọ ẹja, ẹ se ẹja funfun fún un, kí ẹ ṣe gbogbo ìyókù bí a ti wí, láìsí edé, láìsí surimi. Bí ara rẹ̀ bá kọ ẹja pẹ̀lú, ẹ fi ẹran adìyẹ tí a bọ̀ ṣe é. Ara tó bá kọ ẹyin kò gbọdọ̀ jẹ mayonnaise ẹlẹ́yin.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹun tán, tí ètè rẹ̀ tàbí ahọ́n rẹ̀ ń wú, tí kò lè mí dáadáa, ẹ má fún un ní epo mu, ẹ má sì ní kó sùn kí ẹ wò ó dàárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, 911 ni kí ẹ tẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, 112 ni.

Ohun tí ìyá wa ṣe

Ní alẹ́ ọjọ́ tí a ka ọ̀rá náà, ìyá wa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà kan. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Kò gùn. Ó bẹ̀rẹ̀ pé kí ọmọ má bínú sí ara rẹ̀ mọ́, nítorí ó ti gbọ́ pé ọmọ náà ń sunkún lórí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn náà ó kọ CONTAINS ní lẹ́tà ńlá, ó sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ ní Yorùbá. Ó ní kí ọmọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ọmọ náà kàwé dé yunifásítì, ó ka Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ. Ojú rẹ̀ ló kàn fo ìsàlẹ̀ ọ̀rá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kì í ṣe ẹni tó mọ̀wé jù ni oúnjẹ kì í pa lára. Ẹni tó bá dúró kà á ni.

Ìbéèrè

1. Irú ẹja wo ni wọ́n sábà fi ń ṣe surimi?
2. Kí ló dé tí ìyá inú ẹ̀kọ́ yìí fi ṣàìsàn, nígbà tó jẹ́ pé ẹja ló jẹ?
3. Kí ni ìtumọ̀ CONTAINS? Apá ibo lára ọ̀rá ni a ti sábà ń rí i?
4. Kí ló yẹ kí a ṣe sí surimi àti edé kí a tó fi mayonnaise pò wọ́n?
5. Wákàtí mélòó ni sàláàdì yìí lè lò níta? Bí oòrùn bá mú gan-an ńkọ́?
6. Ẹ mú agolo tàbí páálí oúnjẹ kan nínú ilé yín wá sí kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí a jọ kà á dé ìsàlẹ̀.